Àwọn Ọmọ-Ogun Funfun Inú Ikùn Mi

Títílọpẹ́ ọmọ mi ní Àbújá,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ ò ní ṣàìsàn lágbára Ọlọ́run. Èmi fúnra mi ló kọ lẹ́tà yìí o. Ọdún kìn-ín-ní mi rèé ní kíláàsì àwọn àgbà ní Ìgàndò, bí o bá rí ibi tí mo ṣì kọ, má fi han ọkọ rẹ.

Wọ́n ti mọ ohun tó ń ta mí níkùn ní ọsibítù! Nọ́ọ̀sì Mojísọ́lá ní kòkòrò kan tí ojú ò lè rí ló wà lára ògiri ikùn mi, pé àwọn ọmọ-ogun funfun inú ẹ̀jẹ̀ mi ló ń bá a jà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó níbẹ̀. Àwa aláṣọ funfun, àṣé ìjọ wa wà nínú mi, mi ò mọ̀. Mo fi oògùn tó fún mi pamọ́, kí àwọn ọmọ-ogun náà má baà rò pé mi ò gbẹ́kẹ̀ lé wọn. Mo wọ sùtánà, mo fẹsẹ̀ lásán sáré lọ bá Wòlíì Gideon, a gbàdúrà kí àwọn ọmọ-ogun náà di púpọ̀. Títí, Ọlọ́run dáhùn, nítorí láti ọjọ́ náà ni ikùn ti ń ta mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo padà lọ, tí mo ròyìn àdúrà wa, nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí. Ó ní abẹ́ omi yíyọ̀ tó bo ògiri ni kòkòrò yẹn ń sá sí, ọwọ́ àwọn ọmọ-ogun kì í fi bẹ́ẹ̀ tó o, ògiri ni ìjà wọn wá ń bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ ni ògiri ń jìyà. Ó ní oògùn ló máa pa kòkòrò, kí n lò ó tán bí ikùn bá tilẹ̀ dákẹ́.

Mo bá lọ gba àdúrà wa padà. Inú Wòlíì ò dùn, wọ́n ní ṣé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ti ju tàwọn lọ ni. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ má lé àwọn ọmọ-ogun náà lọ, ẹ ṣáà ní kí wọ́n rọra.” Wọ́n wá gbàdúrà sí oògùn náà, wọ́n ní àfi tí mo bá lò ó tán làwọn máa gba ẹ̀rí mi.

Láàárọ̀ yìí mo mu ògì, kò ta mí. Ẹ̀rí ti dé ètè mi ṣùgbọ́n oògùn ò tíì tán, èyí tó kù lọ́wọ́ mi ò sì ní tó, nọ́ọ̀sì ní kí n ra ìyókù. Jọ̀ọ́, fi owó ránṣẹ́ sórí fóònù Hephzibah ará ilé wa, ọ̀sán ni kó o fi ránṣẹ́, torí iná fóònù rẹ̀ kì í dalẹ́, kí owó má lọ bá fóònù tó ti kú.

Ohun tó ń gbèjà rẹ ò ní ṣe ọ́ léṣe.

Ìyá rẹ,
Matilda Ọdẹ́tọ́lá