Kí Ni Aláìjẹun Ń Jẹ?

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà

Oníkọ́ìlì gbé àpótí rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lónìí. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá mi, ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́ta tó ti ń wé wáyà mọ́ irin, orúkọ yẹn ló tọ́ sí i. Lójú rẹ̀, Bọ̀dá mi ni mo ń pè é. Bátìrì kan, kọ́ìlì méjì, gílóòbù kan lórí pákó. Ó ní iná tó ń jáde níbẹ̀ ju èyí tó ń wọlé lọ. Ó ti sọ ọ́ lórúkọ: Aláìjẹun. Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ìyá Òǹwọ̀n, ṣebí ìwọ lo ń tún mítà gbogbo ayé ṣe. Bá mi wọ̀n ọ́n. Ohun tí o bá kọ ni màá ṣe." Ẹ̀rọ tí Màmá fi ń mí ló fẹ́ so mọ́ ọn. Iná kì í dúró ní àdúgbò tí òun àti Màmá ń gbé, bátìrì ẹ̀rọ náà kì í sì í lò ju wákàtí mẹ́rin lọ. Bí mo bá kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, èémí ìyá wa ni mo fi ta tẹ́tẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mítà tirẹ̀ ní bí wọ́ọ̀tì mẹ́wàá bá wọlé, mẹ́tàlélógún ń jáde. Irọ́ ni. Iná inú àpótí yìí kì í ṣàn, fífò ló ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Mítà kékeré kò lè bá a sáré. Mo sọ fún un. Ó ní òun ti mọ̀ pé màá sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6

Mo lo ẹ̀rọ ńlá mi, èyí tó ń ya àwòrán iná sójú gíláàsì. Ó ń ka fóòtì àti áńpù iná pọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mẹ́wàá wọlé, mẹ́rìnlá jáde. Mo tún un ṣe. Mẹ́rìnlá. N kò lè jẹun ọ̀sán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Mo ti rí i. Ojú tì mí.

Ara ògiri ni ẹ̀rọ ńlá mi ti ń gba iná. Wáyà dúdú rẹ̀, èyí tí a máa ń há mọ́ iṣẹ́ kí a tó wọ̀n ọ́n, òun ló ń bọ́ Aláìjẹun. Mo yọ ọ́ — gílóòbù rẹlẹ̀ bí ẹ̀yinná tó fẹ́ kú. Ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, irú àṣìṣe yìí. Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá fi wọn ọmọ tuntun nílé ìwòsàn. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ni pé, gbé ọwọ́ kúrò kí o tó kà á. Ìyá tó bá di ẹsẹ̀ ọmọ mú lórí òṣùwọ̀n, ara rẹ̀ ló ń wọ̀n mọ́ ọmọ.

Mẹ́wàá wọlé, mẹ́jọ jáde. Mo pe Bọ̀dá mi. Ó ní kò burú, òun á wá gbé e.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Mo lọ kí Màmá. Mo sọ ọ̀rọ̀ àpótí fún wọn kí n lè pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. Wọ́n ní, "Kò sí ohun tí kì í jẹun. Ẹ wá ohun tó ń jẹ."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Tiransifọ́mà àdúgbò wọn jó láàárọ̀ àná. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn iléeṣẹ́ iná ní. Iná wà ní ọ̀dọ̀ tèmi, nítorí náà èmi ni mò ń gbé bátìrì lọ, tí mò ń gbé bátìrì bọ̀. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan ń gba iná. Wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ̀yìn ń dùn mí.

Bọ̀dá mi ti gbé Aláìjẹun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Màmá láti àná. Ó ní ká ṣáà ti fi ríran. Ó ní ó ń ṣe dáadáa nínú yàrá yẹn ju ibikíbi lọ.

Ọjọ́rú, 12

Ó bẹ̀ mí kí n tún un wọ̀n, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo mú mítà tó ń lo bátìrì ara rẹ̀, tó sì lè bá iná tó ń fò yẹn sáré. Kò sí wáyà dúdú, kò sí ògiri, kò sí iná kankan ní gbogbo àdúgbò. Mẹ́tàlá. N kò gbà á gbọ́, mo ri gílóòbù bọ inú omi. Omi kì í purọ́: bó bá ṣe gbóná tó ni iná tó wọ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Mẹ́tàlá náà ni. Orí mi wú.

Màmá ń wò wá, wọ́n ń fọwọ́ pa àpótí náà lára bí ẹni tó ń rẹ ọmọ. Wọ́n ní bó ṣe ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ yẹn dùn mọ́ àwọn lọ́wọ́.

Bọ̀dá mi ní, "Kọ ọ́." Mo ní ó di ọ̀túnla.

Ọjọ́bọ̀, 13

Nọ́ọ̀sì tó ń wá wo Màmá ní òun kò fẹ́ràn bí ara wọn ṣe ń tutù. Ó fi ìwé tó ń kọ ìgbóná ara wọn sí hàn mí. Ajé, 36.7. Ìṣẹ́gun, 36.2. Ọjọ́rú, 35.6. Lónìí, 35.1. Kò sí ìrora. Wọ́n kàn ń sùn ṣáá, lábẹ́ aṣọ ìbora mẹ́ta.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Mo dé ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Bọ̀dá mi ti bó wáyà sílẹ̀, ó kù kí n fọwọ́ sí i kó so ẹ̀rọ èémí mọ́ ọn. Mo wọ̀n ọ́n. Mẹ́rìndínlógún. Màmá ń sùn, ọwọ́ òsì wọn wà lórí kọ́ìlì.

Mo gbé ọwọ́ náà kúrò kí n tó tún un kà.

Gílóòbù rẹlẹ̀. Mẹ́jọ. Mo dá ọwọ́ padà, ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń ṣe é. Ó tàn. Mo gbé e kúrò. Mẹ́jọ. Ọwọ́ ìyá mi tutù bí ara ìkòkò omi.

Mo lè ṣàlàyé fún ẹlòmíràn pé ara èèyàn máa ń da mítà láàmú. Omi tó gbóná ní Ọjọ́rú yẹn ńkọ́?

Màmá lajú. "Ẹ ti wá rí ohun tó ń jẹ?" Kò sí ìbínú nínú ohùn wọn. Wọ́n ní bó bá jẹ́ àwọn ló ń jẹ, kò burú, kí n yéé gbé bátìrì kiri, ẹ̀yìn mi kì í ṣe irin. Mo sunkún. Bọ̀dá mi fúnra rẹ̀ ló gbé wọn wọ ọkọ̀. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi kéré, ṣùgbọ́n iná wà níbẹ̀.

Mo kọ mẹ́jọ sínú ìwé rẹ̀, mo fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Màmá, 36.6. Wọ́n bá mi jà láàárọ̀ pé tíì mi tutù. Inú mi dùn dé ẹsẹ̀.

Bọ̀dá mi pè láti ilé lọ́sàn-án yìí. Ó ní gílóòbù ti tún tàn, ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ogún. Ó ní ìwọ̀n mi ló ní àṣìṣe. Mo bi í pé, "Bọ̀dá mi, ọwọ́ yín dà?"

Mo ń gbọ́ bí eyín rẹ̀ ṣe ń lu ara wọn.

Ó ní, "Òtútù díẹ̀ ló ń mú mi. Ṣáà kọ ọ́."

Mo ti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.