Gul Olówó Pọ́ọ́kú Nínú Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Wa

                                        Ojúlé 14, Òpópó Èbúté,
                                        Dolgae, Gyeongsang Gúúsù,
                                        Kòríà.
                                        19 Oṣù Kejìlá, 2009.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Jeom-rye,

Ọgọ́ta ìgò búlíìṣì la ti lò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin; méje ló kù. Ẹgbẹ̀rún méjì ìbọ̀wọ́ ti lọ, ó ku igba ó lé ọgbọ̀n. Àpò ìrẹsì mọ́kànlá la fi se ìrẹsì olómi fún àwọn aláìsàn. Ẹ má bínú pé ìṣirò ṣáájú ìkíni. Ẹ ṣáà mọ̀ mí, bí ọkàn mi ò bá balẹ̀, nǹkan ni mo máa ń kà. Ṣé ara yín le? Orúnkún Bàbá Dong-su ńkọ́, ṣé ó ti ń gun àtẹ̀gùn? Ṣé òtútù Busan ò mú àwọn ọmọ jù? A rí ata gbígbẹ tí ẹ fi ránṣẹ́ gbà, ẹ ṣeun púpọ̀.

Ẹnikẹ́ni ò kú níbí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn.

Ní ogúnjọ́ oṣù tó kọjá la po kimchi ìgbà òtútù, ewébẹ̀ oníyọ̀ àti ata wa yẹn, nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹ mọ̀ pé a kì í po ó láìfi gul tútù, ẹran inú ìkarahun òkun, sí èyí tí a máa jẹ lọ́jọ́ náà. Kílò mẹ́jọ ni mo lọ rà lọ́jà fún ènìyàn 312. Àpò kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé fún jíjẹ ní tútù ni, òmíràn sì wà tí wọ́n kọ ọ́ sí pé fún sísè ni, èyí tí owó rẹ̀ fi won 4,800 dín lórí kílò kan. Ti sísè ni mo rà. Mo ní ṣebí inú òkun kan náà ni wọ́n ti kó méjèèjì. Mo fi won 38,400 pamọ́ fún ìjọba, inú mi sì ń dùn bí mo ṣe ń ti ọjà bọ̀.

Bong Chil-seong ni ẹlẹ́wọ̀n tó ń ṣáájú àwọn tó ń dáná. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló jí. Nítorí ìwà rẹ̀, wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kó jáde ní ọgbọ̀njọ́ oṣù náà, ṣáájú kí ọdún rẹ̀ tó pé, ọlọ́kọ̀ kan tó ń kórè ewé òkun sì ti ṣèlérí pé òun á dúró dè é di ọjọ́ karùn-ún oṣù yìí. Èmi ni mo ká ewé kimchi àkọ́kọ́ mọ́ gul, tí mo fi ọwọ́ ara mi tì í sí i lẹ́nu.

"Ìyá ilé ìdáná, ẹ ń bọ́ mi bí ọkọ ìyàwó!"

"Gbé e mì, aláriwo. Ìyàwó wo ló máa fẹ́ ẹ?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Chil-seong bì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tó ń bì ti di mẹ́rìnlá. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n jẹ́ 87. Ènìyàn méje ló ń lo ilé ìgbẹ́ kan ṣoṣo nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fojú inú wò ó. A dá àbẹ̀wò dúró, a kó àwọn aláìsàn lọ sí ibi iṣẹ́ káfíńtà. Àwọn wọ́dà ń fi ọtí apakòkòrò pa ọwọ́, àfi ìgbà tí Nọ́ọ̀sì Seol pariwo mọ́ wọn pé kòkòrò yìí ò ka ọtí sí, ọṣẹ àti omi ni kí wọ́n lò. Èmi ló ní kí n máa po búlíìṣì: ife kan sí ife omi mọ́kàndínláàádọ́ta. N kò ṣì í rí.

Àwọn elétò ìlera wá. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan bi mí pé, "Màmá, ṣé gul jíjẹ ní tútù ni?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ọkọ̀ ìdọ̀tí ti kó àwọn àpò náà lọ, ọdún méjì péré ló sì kù kí n gba owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀rọ̀ náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó lọ.

Ni àwọn aláṣẹ ọgbà bá ní Chil-seong ló kó àrùn wọlé. Pé inú ti ń run ún tẹ́lẹ̀, ó fi pamọ́ kí ìdásílẹ̀ rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Wọ́n fagi lé ìdásílẹ̀ náà. Ọlọ́kọ̀ dúró di ọjọ́ karùn-ún, ó gba ẹlòmíràn.

Mo ń rìn láti ilé ìdáná sí ibi ìkẹ́rù, mo ń padà. N kò lè jókòó. Lánàá, Chil-seong wá gba ọṣẹ lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ rẹ̀ ti bó nítorí fífọ̀. Ó ní, "Ìyá ilé ìdáná, mo ti rò ó dáadáa. Ó jọ pé èmi ni lóòótọ́. Bóyá mi ò fọwọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ bá mi bẹ àwọn tó ṣàìsàn." Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti gbà á gbọ́!

Láàárọ̀ yìí mo lọ bá ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Gu. Mo sọ gbogbo rẹ̀, gul sísè tí mo rà àti irọ́ tí mo pa.

"Ìyáàfin Maeng, ìwé ti lọ sí Seoul. Ìgbìmọ̀ ìdásílẹ̀ ò ní jókòó mọ́ àfi oṣù tó ń bọ̀. Ẹ padà sídìí iṣẹ́ yín."

"Ọ̀gá, ẹ fún mi ní bébà."

"Ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín ba ọjọ́ ogbó yín jẹ́?"

"Ẹ ṣáà fún mi."

Mo kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀. N kò mọ̀ bóyá á mú un jáde, nítorí náà mo kọ ẹ̀dà kejì sí àwọn elétò ìlera. Òun àti lẹ́tà yín ni mo jọ fẹ́ fi ránṣẹ́ nísinsìnyí. Bí wọ́n bá lé mi lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún Màmá, kó má gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò.

Ẹ bá mi kí Bàbá Dong-su àti gbogbo ilé. Ó yẹ kí Chil-seong ti wà lórí omi báyìí. Gbèsè ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo jẹ ẹ́ lónìí. Kí lẹ́tà yìí tó dé ọwọ́ yín, á ti di méjìlélógún, n kò sì tíì san ẹyọ kan.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí kò rí oorun sùn,
                                        Maeng Sun-ok.