Ẹja Tí Mi Ò Jẹ́ Kí Wọ́n Dà Nù

Àtìní, 11 January 2016

Sofiullahi ọmọ mi ní òun máa da àwọn ẹja òun nù. Ìdí oúnjẹ àárọ̀ ló ti sọ ọ́, bí ẹni tó fẹ́ lọ da ilẹ̀ nù. Mo ní, síbo? Ó ní, "Toilet, Màmá." Mo ní kò sí nǹkan ẹlẹ́mìí tí wọ́n á dà sí ṣáláńgá níṣojú mi. Ó dìde, ó padà sí basement, yàrá abẹ́ ilé. Kò jẹ ẹyin rẹ̀ tán.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ní Ẹ̀pẹ́. Mi ò wọ bàlúù wá sí Calgary ní Kánádà wá wo ọmọ mi kí n wá jókòó máa wo ẹja kú.

Àtàláta, 12 January

Discus lorúkọ wọn. Pẹlẹbẹ, roboto, bí àwo tanganran kékeré. Mẹ́fà ni wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń rà wọ́n nígbà tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ epo ní downtown. Tó bá pè mí nígbà yẹn, á fi wákàtí kan sọ̀rọ̀ ẹja, á sì gbàgbé láti bi mí bóyá mo wà láàyè. Ní October wọ́n kó ogójì èèyàn sínú yàrá kan, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé, owó epo ti já wálẹ̀. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó pààrọ̀ omi.

Mo wọ awò mi lónìí, mo yẹ̀ wọ́n wò bí mo ṣe ń yẹ aláìsàn wò. Èyí tí mo sọ ní Aláró (bùlúù ni tẹ́lẹ̀) ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ó kọjú sí ògiri. Ìgbẹ́ rẹ̀ funfun, ó ń fà bí òwú. Èyí tó tóbi jù, tí mo sọ ní Ọ̀gá, nìkan ló ṣì ń jẹun. Mardiyah, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, dúró tì mí. Ó ní, "Grandma, they're just sad."

Àlàrùbá, 13 January

Omi náà ń rùn. Ìyẹn nìkan ti tó kéèyàn bínú.

Àlàmísì, 14 January

Ummulkhair, ìyàwó Sofiullahi, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ ọsibítù dé, ojú rẹ̀ pọ́n. Síbẹ̀ ó fi mọ́tò gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹja. Òyìnbó kan ló wà níbẹ̀, ó ya tátúù ẹja sí apá. Mo ròyìn fún un: àwọ̀, ìgbẹ́, oúnjẹ, èémí. Ó bi mí pé ó ti tó ọdún mélòó tí mo ti ń sin discus. Mo ní ọjọ́ mẹ́ta. Ó rẹ́rìn-ín títí.

Ó wá gbé páálí oògùn kékeré kan fún mi. Mo wọ awò. Metronidazole. Ha! Flagyl! Mo pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù. Oògùn tí mo ti há fún gbogbo Ẹ̀pẹ́ tán.

Ó ní kí n mú ooru omi lọ sí 32 lórí tẹmómítà. Kí n máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sùn nínú dúrọ́ọ̀mù mọ́jú, pẹ̀lú oògùn tó ń pa chlorine tí wọ́n fi ń fọ omi ẹ̀rọ, àti heater tirẹ̀. Omi tútù á pa wọ́n. Mo ní kò sóhun tó ṣòro ńbẹ̀. Kí ọwọ́ mọ́, kí ooru má yí. Iṣẹ́ mi náà nìyẹn.

Jímọ̀, 15 January

Alhaji Jimoh ti mọ́ṣáláṣí yà kí wa. Ó rí mi pẹ̀lú garawa. Ó ní, "Hájíà, ẹ̀yin tó yẹ kẹ́ ẹ máa tọ́jú ọmọ yín, ẹja lẹ̀ ń tọ́jú. Ẹ jẹ́ ká fi se ọbẹ̀ ata jàre." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní tó bá ti mu tíì rẹ̀ tán, kó gbé ife sílẹ̀ nínú kíṣìnnì kó tó máa lọ.

Nígbà tó lọ tán mo jókòó. Ṣé òótọ́ ló sọ? Ọmọ mi ò jẹ́ kí n tọ́jú òun. Tí mo bá kan ilẹ̀kùn, á ní òun ń sùn. Ẹja kò lè lé mi.

Àìkú, 17 January

Sofiullahi bá mi níbi tí mo ti ń gbé omi. "Màmá, ẹ̀yìn yín." Mo ní ẹ̀yìn mi kò rán an níṣẹ́. Mo wá bi í pé fóòmù inú filter yìí, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi ẹja, ṣé kí n lọ fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́?

"Rárá!" Ó pariwo. Ohùn gidi, àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ látìgbà tí mo ti dé. Ó ní àwọn kòkòrò tó dáa, tó ń jẹ ìdọ̀tí ẹja, inú ẹ̀ ni wọ́n ń gbé, chlorine á pa gbogbo wọn. Omi tí mo bá fà jáde nínú tank, ìyẹn àpótí gíláàsì àwọn ẹja, ni kí n fi fọ̀ ọ́. Ó ṣàlàyé fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó tún lọ dùbúlẹ̀.

Mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ bi í ni. Onítátúù ti sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Àlàrùbá, 20 January

Ọ̀kan kú. Èyí kékeré tí Mardiyah ń pè ní Cookie. Ilẹ̀ ti dì bí òkúta, kò ṣeé gbẹ́, a wé e, a tẹ́ ẹ sínú snow lẹ́yìn ilé. Sofiullahi ní, "Mo sọ fún yín." Mo ní márùn-ún ló kù.

Aláìsàn ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Èèyàn á sunkún, á fọwọ́, á padà sí wọ́ọ̀dù.

Jímọ̀, 22 January

Aláró jẹun!!

Àtìní, 25 January

Owó oṣù ẹnì kan kò lè gbé ilé tí à ń gbé ní àdúgbò Savanna yìí mọ́. Basement kan ni wọ́n rí ní àdúgbò Temple, ibẹ̀ là ń kó lọ lóṣù tó ń bọ̀. Onílé ní òun kò fẹ́ tank ẹja. Ohùn Sofiullahi rọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, bíi pé ó ti ń retí ẹ̀. Ó ní, "Ó ti parí nìyẹn, Màmá."

Nígbà tá a lọ gbé Mardiyah ní school, Ummulkhair páàkì mọ́tò, ó bú sẹ́kún. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni Sofiullahi ti sọ fún òun pé, "Ayé yín á rọrùn ju báyìí lọ tí mi ò bá sí mọ́." Mo ní kó gba àkókò lọ́dọ̀ dókítà fún un lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àtàláta, 26 January

Mo dá lọ sí Temple. Bọ́ọ̀sì méjì. Mo kọ àdírẹ́sì sí àtẹ́lẹwọ́.

Onílé kò sí nílé. Ará Íńdíà ni wọ́n, ìyá rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi ò gbọ́ Punjabi. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó lọ mú ìbọ̀sẹ̀ onírun wá. Ó fún mi ní tíì oní-ata-ilẹ̀. Mo ya ẹja sẹ́yìn àpò ìwé, mo ya tank, mo fọwọ́ sàyà. Ó mú mi sọ̀kalẹ̀ lọ sí basement. Mo fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀: kọnkéré ni, ó lè gbé tank. Mo tọ́ka sí ihò tí omi ń gbà lọ nílẹ̀. Ó mi orí pé ó yé òun.

Báyìí ni ọmọ rẹ̀, onílé gan-an, wọlé bá wa. Ó ní ẹ̀rọ ìfọṣọ ayálégbé kan ti fi omi ba ilẹ̀ òun jẹ́ rí. Mo ní ẹgbẹ́ ihò yẹn gan-an la máa gbé e sí, kó máa wá yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. Ó ní òun á rò ó. Ìyá rẹ̀ bá sọ ọ̀rọ̀ kan, kò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ. Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Okay, Auntie."

Mi ò mọ ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ohùn yẹn. Èmi náà ní in.

Àlàmísì, 28 January

Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn. Ó bínú. Ó ní ta ló rán mi, pé mo lọ ń bẹ̀bẹ̀ kiri nílé onílé, pé mo dójú ti òun. "Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀!"

Mo ní mi ò ní fi ẹ́ sílẹ̀. Mo ní mo gbọ́ ohun tó o sọ fún ìyàwó ẹ. Mo sọ ọ́ síta, ní kedere, bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Mo ní, "Mo bí ẹ, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi gbà ẹ́ wáyé, mi ò ní jẹ́ ká jọ máa ṣe bíi pé mi ò gbọ́."

Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn. Ó wá ní, "Ó rẹ̀ mí, Màmá." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo gbé orí rẹ̀ sí itan mi, ọkùnrin onírùngbọ̀n. Ó ní òun á bá Ummulkhair lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́la.

Jímọ̀, 29 January

Ó lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Àtìní, 1 February

A kó. Òtútù tó ń já etí. Ẹja kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá tirẹ̀, gbogbo wọn nínú kúlà, ìgò omi gbígbóná láàárín wọn. Sofiullahi gbé kúlà náà lé itan títí a fi dé Temple. Ó tan heater mọ́tò dé góńgó, gbogbo wa ń làágùn. "Ummu, rọra. Màmá, ẹ má ṣí i." Òfin lórí òfin. Kò sẹ́ni tó janpata.

Márààrún dé láàyè.

Àlàmísì, 11 February

Dókítà fún Sofiullahi lóògùn, ó ní kó ní sùúrù, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọmọ mi ti fá irùngbọ̀n rẹ̀. Iṣẹ́ kò tíì sí. A jà lórí ooru omi: ó ní kí n sọ ọ́ kalẹ̀ sí 29, ìtọ́jú ti parí. Mo ní 30. Ó gba tẹmómítà lọ́wọ́ mi.

Àìkú, 21 February

Mo jí láàárọ̀, mo ní kí n pààrọ̀ omi. Omi ti mọ́. Sofiullahi ti pààrọ̀ ẹ̀, ó lẹ ìwé mọ́ gíláàsì: *Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án.* Inú bí mi. Mo mu tíì, inú ṣì ń bí mi. Mo wo Aláró: bùlúù.

Ummulkhair ti ń bẹ̀ mí pé kí n fi oṣù mẹ́fà kún ìgbà tí màá lò. Nídìí oúnjẹ ọ̀sán mo sọ fún wọn pé mò ń lọ sílé, ọjọ́ karùn-ún March. Sofiullahi ní, "Iṣẹ́ ò tíì jáde o, Màmá. Ara mi ò tíì yá tán." Mo ní mo mọ̀. Mo ní agbẹ̀bí kì í bá abiyamọ gbélé.

Ó ní tí nǹkan bá tún wá yí padà ńkọ́?

Mo ní, "Wàá pè mí, màá wá. Tó ò bá sì pè mí, màá wá."

Ó ní, "Mo mọ̀." Ó bu ìrẹsì sí i.