Awò Tí Mi Ò Yọ Lápò

Sátidé, ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá

Bísí ló yan ìbọn fún Uncle Fẹ́mi lónìí, kì í ṣe èmi.

Èmi tí mo ti ń yẹ ìbọn àtijọ́ wò fún ogún ọdún. Èmi náà ni mo fi sùúrù kọ́ Bísí pé nọ́ńbà ara irin òkè àti ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu, ká lè mọ̀ pé wọn ò pààrọ̀ ẹ̀yà ara ìbọn.

Ìbọn ìléwọ́ ọlọ́ta ńlá ni Uncle fẹ́ fi kún àkójọ wọn, irú tí wọn ò ṣe mọ́, tí wọ́n sì ti dí ẹnu rẹ̀ pa kó má lè yìn mọ́. Méjì ló wà nílé Daddy kan ní Thamesmead, nílùú òyìnbó níbí. Mo mú èyí tó ń dán, mo sì béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ nǹkan kan lára rẹ̀.

Daddy ní, "Bí mo ṣe rà á náà nìyẹn, ọmọ mi."

Mi ò lè yọ awò tí mo fi ń wo nọ́ńbà kéékèèké lápò níṣojú wọn, kó má dà bí ẹni pé mo ń pe àgbàlagbà ní onírọ́. Bísí tí wọ́n bí sí Woolwich ò rò ó bẹ́ẹ̀. Ó yọ tiẹ̀. "Daddy, jẹ́ kí n wò ó dáadáa." Nọ́ńbà méjèèjì ò bára mu. Bàbá kàn rẹ́rìn-ín. Èkejì tó ti ha lára, tí nọ́ńbà tiẹ̀ bára mu, ni Bísí mú.

Nínú mọ́tò, Uncle ní, "Bísí ni yóò máa bá mi yàn án báyìí. Kúnlé, sinmi díẹ̀."

Bísí dáhùn pé, "Bọ̀dá Kúnlé ló kọ́ mi o, Uncle."

Ká ní ó gbéra ga ni, ìbínú mi ì bá ní ìdí.