Bí A Ṣe Gbé Fìrígò Pamọ́ Nítorí Ìhìnrere

Ọjọ́ Ajé, 3 Èrèlè 2025

Lẹ́tà dé láti ilé. Àlejò ń bọ̀ — Ìyá Fáyẹ́misí, alága ẹgbẹ́ obìnrin Onítẹ̀bọmi tó ń gbọ́ bùkátà wa. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko! Wọ́n ní ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí "ẹbí tó fi ilé sílẹ̀ lọ sókè òkun nítorí Ìhìnrere."

Òkun wo? Bí mo bá gun ọ̀kadà zém níwájú ilé wa ní Ifangni yìí, kí n tó rántí ohun tí mo fẹ́ rà, mo ti dé ibodè Ìgólò. Nàìjíríà ló wà lódì kejì okùn ibodè. Ṣùgbọ́n ọdún méjìlá ni wọ́n ti ń pè é ní òkun, àwa náà ò bá wọn jiyàn.

Àpọ́sítélì ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. (Ọkọ mi ni. Pásítọ̀ Ọláòtán ni gbogbo ayé ń pè é, ṣùgbọ́n ìwé tèmi rèé.) A mọ ohun tí a ti ń kọ ránṣẹ́ sílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Èrèlè

Kí n kúkú jẹ́wọ́ síhìn-ín. Èmi ni mo ń kọ àwọn lẹ́tà àdúrà. Àpọ́sítélì á ní, "Ìyá Gracia, kọ ọ́ kó wọ̀ wọ́n lọ́kàn." Èmi náà á kọ ọ́ kó wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Àtùpà elépo la fi ń ka Bíbélì. Odò la ti ń pọnmi. Ejò wọlé — ejò wọlé lóòótọ́, àmọ́ ilé Àsíátù aládùúgbò wa ló wọ̀, adìẹ rẹ̀ ló sì lé e jáde. Mo gbé ejò náà wá sílé wa, mo yọ adìẹ kúrò, mo fi àdúrà rọ́pò rẹ̀. Gbogbo obìnrin ìjọ ló gbààwẹ̀ fún wa.

Iná wà nílé wa. Omi ẹ̀rọ wà. Tẹlifíṣọ̀n wà. Fìrígò ńlá wà tí mo fi ń ta bísápù tútù, èyí tí àwọn ará ilé ń pè ní sóbò. Bísápù mi dùn. Ará Daagbé ń tìtorí ẹ̀ wá.

Ọjọ́bọ̀, 6 Èrèlè

Àpọ́sítélì ní ká kó gbogbo rẹ̀ pamọ́. Mo ní irọ́ nìyẹn. Ó ní ọgbọ́n ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Èrèlè

A kó o lọ sílé Àsíátù, a yọ gílóòbù iná, a sì ti ẹ̀rọ omi pa. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin onígbàgbọ́ lẹ wá ń gbé fìrígò sá pamọ́ sílé mùsùlùmí? Bon, ó dáa. Ẹ gbé e síbẹ̀ yẹn."

Gracia dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. Ó ní, "Maman, ṣé olè ń bọ̀ ni?" Bàbá rẹ̀ ní àlejò ni. Ó ní, "Kí ló dé tí a wá ń sá fún wọn?"

Ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wá a kí Olúwa tó dá mi lóhùn. Ìlú yìí ni mo bí i sí, nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí ló sọ ọ́ lórúkọ kí àwa tó ronú kàn án. Òun ló ń gbégbá orókè ní kíláàsì CM2. Oṣù kẹfà ni wọn yóò ṣèdánwò àṣejáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ń gbọ́ ọ tó ń ka Faransé lókè, orí mi á wú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Èrèlè

Ó dé. Mo ti sọ ọ́ ní Ìyá Àánú, nítorí kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ló ti ní, "Àánú yín ṣe mí o!"

Ó ń rọra sọ Yorùbá fún àwọn ará ìjọ, ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀. Díákónì Ifálérè kí i padà. Ó kí i kú ìrìn, kú ewu ọ̀nà, kú àbọ̀, ó kí ará ilé, ó kí ọmọ tó fi sílẹ̀. Ìyá Àánú yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ ti kọ́ wọn dáadáa."

Lẹ́yìn náà ló ní kí Ifálérè yí orúkọ rẹ̀ padà, pé orúkọ òrìṣà ni. Ẹ gbà mí! Fáyẹ́misí ló ń bá Ifálérè wí! Bàbá náà wo ilẹ̀, ó ní òun ti gbọ́, mà. Mo sá wọ ilé ìdáná lọ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 12 Èrèlè

Àpọ́sítélì gbé garawa, ó ní òun ń lọ sódò. Láti ọjọ́ tí a ti ṣègbéyàwó, ogún ọdún, mi ò rí i kó pọnmi rí. Ẹ̀yìn ilé Àsíátù ló lọ, ẹnu ẹ̀rọ. Ó dé pẹ̀lú ààbọ̀ garawa omi àti ẹrẹ̀ lára ṣòkòtò. Ìyá Àánú sunkún. Ó ya fọ́tò rẹ̀.

Ó ní kí n dín ẹran inú ọbẹ̀ kù. Àpọ́sítélì ni o, kì í ṣe àlejò.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Èrèlè

Mo gbé. Mo gbé, mo gbé, mo gbé.

Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ ni Ìyá Àánú dìde. Ó ní òun ò lè sùn láti ìjẹta. Ó ní àgbà lè jìyà fún Olúwa, ṣùgbọ́n ọmọ ò gbọdọ̀ bá wọn pín in. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà nílé fún ọmọ míṣọ́nnárì, inú ọgbà ni wọ́n ń gbé. Ó ti fi fóònù bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Ajé tí òun bá ń lọ, Gracia á bá òun lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún la ó máa rí i.

Kí n tó ya ẹnu, Àpọ́sítélì ti ṣe "Àmín."

Bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń lé e bá. Tèmi wá sáré bá mi nínú pálọ̀ ara mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Èrèlè

Gracia ò jẹun. Ó ń béèrè pé, "Ìdánwò mi ńkọ́?"

Mo ní kí Àpọ́sítélì lọ sọ òótọ́. Ó ní bí a bá sọ ọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa. Mo ní, ọmọ ńkọ́? Ó ní ọmọ Olúwa ni. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ tí mo rọbí, èmi nìkan ni mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn."

Ó bínú jáde. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo bínú sí i, mo sì bínú sí ọwọ́ mi tó kọ gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Èrèlè

Bí a ṣe jáde ní ìsìn, mo di Ìyá Àánú lọ́wọ́ mú, mo mú un lọ sílé Àsíátù. Mo ṣí fìrígò. Mo bu bísápù fún un. Ó mu ún. Ó gba ìkejì.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Mà, tiwa ni. Tẹlifíṣọ̀n yẹn, tiwa ni. Irọ́ ni gbogbo lẹ́tà yẹn, èmi ni mo kọ ọ́. Ìyà kankan ò jẹ ọmọ mi. Ẹ má mú un lọ."

Mo rò pé yóò pariwo. Kò pariwo. Ó gbé ife kalẹ̀. Ó ní, "Ìlú tó níná, tó lómi, tí ìjọ Onítẹ̀bọmi ti wà kẹ́ ẹ tó dé, tí wọ́n gbọ́ Yorùbá jù mí lọ. Kí wá lẹ ń ṣe níhìn-ín?"

Ọdún méjìlá, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Àsíátù ló bá mi fèsì: "Bísápù ló ń tà."

Ọjọ́ Ajé, 17 Èrèlè

Ìyá Àánú lọ. Gracia wà níléèwé.

Ọjọ́bọ̀, 6 Ẹrẹ́nà

Lẹ́tà. Wọ́n ti ti iṣẹ́ Ifangni pa. Kí oṣù tó parí, kí Pásítọ̀ àti ìdílé rẹ̀ lọ gba ìjọ kékeré kan lápá Ìgbẹ̀tì.

Àpọ́sítélì gbé bíró fún mi. Ó ní kí n kọ ọ́ pé àìsàn dá òun dúró, kí n kọ ọ́ kó wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Mo ní ara yín le, sà. Mo lọ rọ bísápù sínú ike.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Ẹrẹ́nà

Ó di ẹrù. Ó ní tèmi dà? Mo ní èmi àti Gracia ò lọ títí yóò fi ṣèdánwò tán. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó rí i. Ó ní aya ìránṣẹ́ Olúwa kì í sọ pé "a ó rí i." Mo ní aya ni mí lóòótọ́, n kì í ṣe àpótí.

Ó jókòó lórí ẹrù rẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun, ṣé àná ló funfun ni? Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò ní purọ́. Ó wá béèrè pé, ta ni yóò máa se oúnjẹ fún òun níbẹ̀?

Mo ní Olúwa yóò pèsè.

Ó ń wojú mi bóyá màá rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín.