Ọ̀nà Tí Ẹ Ò Jẹ́ Kí Wọ́n Là

Bàbá Má-gégi, bàbá wa, ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta! Màmá ní kí á má fi irọ́ dá yín lára yá, nítorí náà òótọ́ la máa sọ.

Ẹ̀ṣọ́ igbó ni yín. Nígbà tí ìjọba fẹ́ la ọ̀nà wá síbí, ẹ̀yin lẹ kó àwọn àgbà jọ, tí ẹ ní bí ọ̀nà bá wọlé, agégi á tẹ̀ lé e. Wọ́n gbọ́ tiyín. Wọn ò la ọ̀nà.

Àfi bí igi ṣe wó lù yín lẹ́yìn òjò ńlá. Àwọn àbúrò yín yọ ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n fi gbé yín gba inú ẹrẹ̀. Màmá di ọwọ́ yín mú títí ó fi tutù. Ọsibítù ṣì jìnnà.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn olùwádìí dé. Wọ́n ní igbó ń tán láwọn ilẹ̀ olóoru mìíràn, tiwa ò dín. Màmá rò pé wọ́n fẹ́ dárúkọ yín ni. Ọ̀gá wọn ní àwọn ọ̀dọ́ ti ṣí lọ síbi tí wọ́n ti ń wa epo, owó epo ló sì ń ra oúnjẹ wá láti òkè òkun, kò sẹ́ni tó ń wá oko tuntun. Olórí gbogbo ẹ̀, kò sọ́nà.

Màmá ní, “Ohun tó gba igbó là náà ló pa ọkọ mi.”

Nígbà tí ìjọba tún padà wá, àwọn àgbà ní àwọn ò lè dáhùn láìgbọ́ tilé yín. Àbíkẹ́yìn yín ti lóyún nígbà yẹn. Màmá ní, “Ẹ là á.” Ẹ̀gbọ́n yín ní kó bọ̀wọ̀ fún òkú. Màmá ní òun ti bọ̀wọ̀ fún òkú tó, ó ku alààyè.

Bàbá, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ló ṣẹ. Agégi dé kí ọ̀nà tó gbẹ. Òkè tẹ́ ẹ máa ń jókòó sí ti pá. Omi odò ti di ẹrẹ̀.

Àbíkẹ́yìn yín rọbí, ó le, ọkọ̀ sáré gbé e dé ọsibítù. Ó bí ọmọkùnrin. Àwọn méjèèjì wà láàyè. Màmá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọmọ náà lórúkọ yín.

Ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì ni Màmá ṣì ń sùn, ó fi tiyín sílẹ̀. À ń ṣàárò yín, Bàbá. A fẹ́ràn yín, a ò sì ní yéé fẹ́ràn yín. Ṣùgbọ́n a ò tọrọ àforíjì.