Ọlọ́pàá Tí Mo Kọ́ ní Ìwé Kíkà

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kẹsàn-án
Wọ́n mú Mutiso ní ibùdó ọ̀kadà lónìí, ọ̀sán gangan. Mutiso tó máa ń gbé mi lọ sí ọsibítù, tó máa ń rọra yà fún kòtò nítorí eegun ẹ̀yìn mi. Ọlọ́pàá mẹ́ta ni. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tí gbogbo àdúgbò wa, Mawe Matatu, ń pè ní Bàtà Funfun. Kì í wọ aṣọ ìjọba. Bàtà kańfáàsì funfun ló máa ń wọ̀, wọ́n ní kì í dọ̀tí láéláé nínú ẹrẹ̀ wa yìí. Èmi ò tíì fojú kàn án rí. Wọ́n lu Mutiso kí wọ́n tó gbé e. Wọn ò sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 3
Mutiso ti kú. Àgọ́ ọlọ́pàá ní ó ṣubú nínú àtìmọ́lé. Ìyàwó rẹ̀ rí òkú náà. Ẹ̀yìn orí ló fọ́, níbi mẹ́ta. Ṣé báyìí ni èèyàn ṣe ń ṣubú?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Ìpàdé ìgbìmọ̀ ní gbọ̀ngàn ìjọ. Àwa mẹ́fà péré tí àdúgbò yàn pé ká máa ṣọ́ àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ wa. Rélùwéè ló wà lórí àga — Bàbá Nyangweso, alága wa. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò ní bíréèkì. Èmi ni akọ̀wé. Àjọ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọlọ́pàá ń bọ̀ láti àárín ìlú lógúnjọ́, wọn yóò jókòó níwájú gbogbo ayé. Wọ́n fẹ́ ẹlẹ́rìí.
"Ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí i o," Rélùwéè ń tẹnu mọ́ ọn, "kì í ṣe ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó àbúrò ẹnì kan."
Kò ní dín ní ogún èèyàn tó wà ní ibùdó lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Gbogbo wọn ló ń wo ilẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 7
Ẹnì kan rí i.
Halima tó ń ta tíì àti mandazi, ìyẹ̀fun díndín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó. Ó fi ìborùn bojú, ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé. "Tíṣà, ìdí ìbọn ni Bàtà Funfun fi lù ú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Mutiso ń sọ pé, 'Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ jẹ́ n mu tíì mi tán.' Ó rò pé àwàdà lè gba òun. Tíì náà wà lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ gbé e fún un ni."
Nínú ìwé ìgbìmọ̀, "Ẹlẹ́rìí Kìíní" ni mo pè é. Rélùwéè nìkan ni mo sọ orúkọ rẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìrántí tèmi yìí mo lè kọ ọ́ bó ṣe rí: Halima Guyo. Ọmọbìnrin rẹ̀, Tume, wà lọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ ní Isiolo, ó ń lọ sílé ẹ̀kọ́, kíláàsì kejì. Nítorí Tume ni ẹ̀rù ṣe ń bà á. Ó ní nítorí Tume náà lòun ṣe wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Bàtà Funfun wá sílé mi.
Òwúrọ̀, aago mẹ́wàá. Ó kanlẹ̀kùn jẹ́jẹ́. "Tíṣà Andayi. Ẹ ò dá mi mọ̀ mọ́."
Mo wo ojú rẹ̀. Mo wo bàtà funfun ẹsẹ̀ rẹ̀. Elphas ni. Elphas Simiyu, kíláàsì kẹrin, ọmọ tí lẹ́tà "b" àti "d" ń dàrú mọ́ lójú títí mo fi di ọwọ́ rẹ̀ mú kọ wọ́n lórí yanrìn. Ìdajì oúnjẹ ugali mi ni mo máa ń bù fún un lọ́sàn-án, nítorí kì í gbé nǹkan kan wá láti ilé.
Ó jókòó. Ó béèrè eegun ẹ̀yìn mi — ta ló sọ fún un? Mo lọ po tíì lẹ́yìnkùlé. Kí ni ǹ bá ṣe? Àlejò ni. Ó mu ún tán. "Tíṣà, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó láyé. Ẹ sinmi. Ìwé kíkọ ń ba ojú jẹ́."
Mo ní, "Elphas, ṣé ìwọ lo pa Mutiso?"
Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sídìí garawa, ó fọ̀ ọ́, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Bí mo ṣe kọ́ gbogbo wọn ní kíláàsì.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Ajé, 11
Elphas lọ ra tíì lọ́wọ́ Halima láàárọ̀. Halima wá sọ ọ́ fún mi. Ó ní ó mu ún tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn, ó yìn ín pé ó dùn. Lẹ́yìn náà: "Halima Guyo. Tume ti dé kíláàsì kejì, àbí? Isiolo jìnnà o. Ọ̀nà ibẹ̀ ò dáa."
Kò sẹ́ni tó mọ Halima ní Guyo níhìn-ín. Ìyá Mandazi ni wọ́n ń pè é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12
Mo ní wọ́n ti mọ ẹlẹ́rìí wa, ìpàdé dà rú. Ìyá Kerubo, ọ̀kan nínú wa mẹ́fà, dìde, ó nàka sí Rélùwéè. "Èèyàn méjì ló mọ orúkọ ẹlẹ́rìí. Tíṣà kọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́, tó ń wa mọ́tò àgọ́ ọlọ́pàá? Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ló fà yín!"
  Rélùwéè yọ kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn lápò, ó fi í sórí tábìlì, ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìgbìmọ̀: Alága fi ipò sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 14
Mi ò sọ Tume fún Rélùwéè.
Láti àná ni mo ti ń rò ó, tí mo ń sá fún un. Orúkọ Halima nìkan ni mo sọ fún un. Mi ò dárúkọ ọmọ, mi ò dárúkọ Isiolo, mi ò dárúkọ kíláàsì. Ibì kan ṣoṣo ni mo kọ ìyẹn sí. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí Elphas wá, ìwé yìí wà lórí tábìlì. Èmi sì wà lẹ́yìnkùlé, mò ń po tíì.
Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Ọlọ́run mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 15
Tábìlì Halima ti dojú dé ní ibùdó. Wọ́n tẹ mandazi mọ́ ẹrẹ̀. Fóònù rẹ̀ ò wọlé. Àwọn ọlọ́kadà ní àwọn ò rí i.
Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ ìwé yìí fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Àìkú, 17
Nọ́mbà tí mi ò mọ̀ pè mí. Halima ni! Ó wà láàyè. Ó ti dé Isiolo, Tume wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn ọmọ náà. Kò kí mi. "Tíṣà, ta ló tà mí?"
Mo sọ fún un. Gbogbo rẹ̀.
 "Mo gbọ́," ló wí. Ó pa fóònù.

Ọjọ́ Ajé, 18
Mo lọ bá Rélùwéè. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, eegun ẹ̀yìn ò jẹ́. Mo jẹ́wọ́ ní ìdúró. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. "Ọjọ́ mẹ́fà, Andayi. Ọjọ́ mẹ́fà ni ìyàwó mi ò fi lè lọ pọnmi. Wọ́n ń tutọ́ tó bá ń kọjá." Kò pè mí ní Tíṣà.
Mo ní màá sọ ọ́ ní gbangba lógúnjọ́.
Ó ní, "Sọ ọ́ kí n rí ọ."

Ọjọ́rú, 20

Gbọ̀ngàn kún dé fèrèsé. Elphas wà níwájú, aṣọ ìjọba lọ́rùn rẹ̀ lónìí, bàtà dúdú. Obìnrin tó ṣáájú àjọ pe Ẹlẹ́rìí Kìíní. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún pè.
Mo dìde. Mo sọ pé Bàbá Nyangweso kò da ẹnikẹ́ni, pé àìbìkítà mi ló gbé orúkọ obìnrin kan fún ẹni tó fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́. Mo sọ bí Elphas ṣe wá sílé mi àti ohun tó sọ fún Halima ní ibùdó. Agbẹjọ́rò Elphas rẹ́rìn-ín: "Mama, ṣé ó halẹ̀ mọ́ yín? Àbí ó mu tíì, ó fọ kọ́ọ̀bù?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Rélùwéè, lẹ́yìn pátápátá, kò rẹ́rìn-ín.
Ìgbà yẹn ni Halima wọlé. Eruku ọ̀nà ṣì wà lára ìborùn rẹ̀. Kò wò mí. Ó lọ tààrà síwájú, ó ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Èmi ni Halima Guyo. Ó ti mọ̀ mí tẹ́lẹ̀, kí ni mo tún ń bò?" Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìdí ìbọn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Tíì náà.
Àjọ gba ìbọn àti àmì ọlọ́pàá Elphas níbẹ̀. Nígbà tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Ẹ ṣé, Tíṣà." Ohùn ọmọ kíláàsì kẹrin.
Olórí àjọ béèrè bóyá ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀. Mo rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n ìyá kan dìde nítorí ohun tí ọlọ́pàá ṣe sí ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, èkejì. Mo mú kálàmù.
Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá dúró lẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà. Ó yọ ìwé pélébé kan lápò. Bí èèyàn bá ti dìde, á wò ó, á kọ nǹkan. Gbogbo wa rí i.
Bàbá kan tó ti ń dìde rí i. Ó dúró láìtíì nà tán, ó di ẹ̀yìn àga mú, mo rò pé yóò padà jókòó. Ó na ara rẹ̀ tán. Kò kọjú sí àjọ. Ẹnu ọ̀nà ló kọjú sí.
"Kiilu ni mí. Josphat Kiilu. 'I' méjì ló wà nínú rẹ̀, kọ ọ́ dáadáa."
Èèyàn mẹ́tàlá ló dìde. Mo kọ orúkọ gbogbo wọn. Ọ̀gá àgọ́ náà kọ wọ́n.